Ẹ Má Tíì Pe Ọmọ Náà Ní Òpùrọ́

Ọjọ́ wo lo kúrò nílé? Àwọn mélòó ló wá mú bàbá rẹ? Ta ló kọ́kọ́ wọlé? Irú ìbéèrè tí ọmọ tó sá dé Ìlú Ọba láìsí òbí máa ń bá pàdé nìyí. Bí ìdáhùn rẹ̀ lónìí bá yàtọ̀ sí èyí tó ti fún Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń pinnu bóyá ó lè dúró, tẹ́lẹ̀, wọ́n lè torí ẹ̀ sọ pé irọ́ ló ń pa.

A kò fara mọ́ ọn. Ní 2002, Jane Herlihy, Peter Scragg àti Stuart Turner gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn ará Kosovo àti Bosnia lẹ́nu wò, àwọn tí wọ́n ti gbà láàyè láti máa gbé Ìlú Ọba, tí kò sì sí ohun tí irọ́ fẹ́ ṣe fún wọn mọ́. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n sọ nípa ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà kò dọ́gba nígbà méjèèjì. Àwọn ohun kéékèèké tó yí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ká ló yàtọ̀ jù. Àwọn tí ọgbẹ́ ọkàn wọn jinlẹ̀, bí ọjọ́ ṣe ń pẹ́ sí i láàárín ìgbà méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ń pọ̀ sí i.

Àgbàlagbà nìyẹn o. Òbí tó ń sá fún ikú kì í jókòó ṣàlàyé òṣèlú fọ́mọ. Ó kàn máa ní kó wọ bàtà, kí wọ́n máa lọ. Níbo lọmọ ti fẹ́ rí déètì?

Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà gan-an. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí wọ́n kó lọ sí Yúróòpù ni wọ́n ti mú búra pé wọn kò ní tú àṣírí àwọn tó kó wọn lọ. Ìbúra yẹn dẹ́rù bà wọ́n débi pé ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Bìní bọ́ síta láti tú u. Ọmọ tó dákẹ́ nígbà àkọ́kọ́, tó wá là á lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ̀rù ló dì í lẹ́nu. Òfin Ìlú Ọba ti 2022 sì ní kí wọ́n fojú kéré ẹ̀rí tó bá dé lẹ́yìn gbèdéke, àfi bí ìdí gúnmọ́ bá wà. Ìbẹ̀rù ìbúra, ìdí gúnmọ́ ni lójú tiwa.

Kí Home Office kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí ìrántí ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n jẹ́ kọ́mọ sinmi, kí wọ́n sì bi í léèrè ohun tó fa ìyàtọ̀ kí wọ́n tó kọ̀wé pé àwọn ò gbà á. Ẹ̀yin lọ́yà ọmọ Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìwádìí inú BMJ yìí síwájú adájọ́.