Ọ̀rọ̀ Oyún àti Ìbímọ Nínú Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ́bẹ̀rẹ̀

Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà ní ọkàn wa, a kò sì lè dákẹ́ mọ́. Àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọmọ yín ń rí i lọ́dọọdún pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè ṣàlàyé bí òjò ti ń rọ̀ àti bí àgbàdo ti ń gbó yóò dé ojú ìwé tí ó sọ bí ènìyàn ti ń lóyún, yóò wúkọ́ díẹ̀, yóò sì wí fún àwọn ọmọ pé, "Ẹ lọ ka ìyókù nílé." Àwọn ọmọ a sì máa rẹ́rìn-ín sínú, nítorí wọ́n mọ̀ pé ohun tí olùkọ́ sá fún ni ó yẹ kí wọ́n wá kiri.

Kí sì ni wọ́n ń gbọ́ nílé? A ń sọ fún ọmọ kékeré pé ọjà ni a ti ra àbúrò rẹ̀. Bí ọmọbìnrin bá bàlágà, a ó wí fún un pé bí ọkùnrin bá fi ọwọ́ kàn án, ó ti lóyún nìyẹn. Ẹ̀yin ará, irọ́ ni, ọmọ náà yóò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí oṣù kan tó pé, nítorí ọkùnrin kan yóò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ohunkóhun kò sì ní ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìkìlọ̀ ìyá rẹ̀ ti di àlọ́ ìjàpá lójú rẹ̀. Nígbà tí ẹlẹ́tàn bá wá dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn, ta ni a fẹ́ kí ó gbàgbọ́?

Àwọn kan ń wí pé àwọn baba wa kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Àwa kò gbà. Èdè tí ó ní àtọ̀, ọlẹ̀, ilé ọmọ, ibi, ìwọ́, ìrọbí àti nǹkan oṣù kì í ṣe èdè àwọn tí ó pa ẹnu mọ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, à ń ka ìtàn Èlísábẹ́tì tí ọlẹ̀ sọ nínú rẹ̀ sókè, kò sì sí àgbà tí ń di ọmọ rẹ̀ létí. Orí 23 nínú Àlùkùránì kò fi bí ọmọ ti ń di ọmọ nínú ìyá rẹ̀ pamọ́. Àwọn olùkọ́ wa ni ó sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì di aṣọ ìbojú: wọn a pe ẹ̀yà ara ní orúkọ tí ọmọ kò mọ̀, wọn a sì rò pé àwọn ti kọ́ ọ. Ẹ rántí pé ọmọ tí kò ní orúkọ tí yóò fi pe ara rẹ̀ kò lè rojọ́ bí ẹnìkan bá fi ara náà ṣe ìbàjẹ́.

Ohun tí a fẹ́ kí a kọ́ wọn kò pọ̀. Ẹyin obìnrin kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá. Ẹyin kan a máa jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù tó dé. Bí ó bá pàdé irúgbìn tí ó wà nínú àtọ̀ ọkùnrin, àwọn méjèèjì a di ọ̀kan, oyún a sì lè dúró. Bí kò bá pàdé rẹ̀, ibùsùn tí ilé ọmọ ti tẹ́ sílẹ̀ a tú, a sì jáde bí ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe èérí. Ẹ sì jẹ́ kí ó yé wọn pé ẹyin ni ó ń ṣáájú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ọmọbìnrin lè lóyún kí ó tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ rárá.

Ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ ń parí ìjà tọkọtaya, ọ̀kan wà tí ó kàn yín gidigidi. Ẹ mọ iye ìgbà tí a ti gbé ẹjọ́ ìyàwó tí ó bí obìnrin nìkan wá síwájú yín, tí àwọn ẹbí ọkọ sì ń wí pé ó ti ba ilé jẹ́. Láti ọ̀dọ̀ bàbá ni àmì tí ń sọ ọmọ di akọ tàbí abo ti ń wá. Àmì kan ṣoṣo náà ni ẹyin ìyá máa ń gbé wá, kò ní èkejì tí yóò yàn. Nettie Stevens, obìnrin ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1905, lára kòkòrò ni ó sì ti rí i. Ó lé ní 100 ọdún, síbẹ̀ a ṣì ń lé aya nílé nítorí ohun tí ó wá láti ara ọkọ! Bí a bá ti kọ́ ọkọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11, ẹjọ́ náà kì bá tí dé ọ̀dọ̀ yín.

Ìjọba pẹ̀lú ti ń lọ, ó ń bọ̀. Ní 1999, Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ fún Ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i. Ní oṣù kọkànlá 2022, Mínísítà Adamu Adamu pàṣẹ pé kí a yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Àwọn tí ó fara mọ́ àṣẹ yìí ní iṣẹ́ òbí àti ti ilé ìsìn ni. Ó dára: ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè ohun tí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀ nílé ìsìn ní ọdún tí ó kọjá. Wọ́n tún ní yóò kọ́ ọmọ ní ìṣekúṣe. Ìwé tí UNESCO tẹ̀ jáde ní 2018, lẹ́yìn tí a ti yẹ ìwádìí láti ilẹ̀ púpọ̀ wò, sọ pé irú ẹ̀kọ́ yìí kì í mú ọmọ tètè bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀.

Ọmọbìnrin mìíràn a máa rí nǹkan oṣù rẹ̀ ní ọmọ ọdún 10. Nítorí náà kíláàsì karùn-ún ni ó tọ́, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ gíga. A ó fẹ́ kí olùkọ́ obìnrin máa bá àwọn ọmọbìnrin sọ̀rọ̀ aṣọ àti ìtọ́jú ara ní ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n kí takọtabo jọ gbọ́ ìyókù.

Ní Ilé-Ìfẹ̀, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èdè wa kọ́ àwọn ọmọdé ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ó sì yé wọn. Àwa ń bẹ Ẹgbẹ́ yìí pé kí ó pe àwọn agbẹ̀bí, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn olùkọ́ jọ, kí wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ bí 30 tí kò ní ti ẹnikẹ́ni lójú, kí a sì tẹ̀ wọ́n sínú ìwé kékeré kan. Olóyè tí ó bá yọ̀ǹda ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú rẹ̀ fún wa, a ó rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tí ń bọ̀.