Kì í Ṣe Àféèrí: Òtítọ́ Nípa Bàálù Ogun tí Wọ́n Ní Rédà Kò Lè Rí

Ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ogun òfúrufú. Wọ́n ní Amẹ́ríkà ti ṣe bàálù tí rédà kò lè rí rárá, pé F-22 àti F-35 lè wọ ìlú ọ̀tá, kí wọ́n ju bọ́ǹbù, kí wọ́n padà sílé láìsí ẹni tó fura, àfi bí ọdẹ tó lo àféèrí. Àwọn tó ń ṣe ti Rọ́ṣíà náà ní tiwọn. Wọ́n ní irọ́ pátápátá ni, torí pé àwọn ọmọ ogun Serbia já ọ̀kan nínú irú bàálù bẹ́ẹ̀ lulẹ̀ lọ́dún 1999.

Igun méjèèjì ló ṣìnà, ibì kan náà ni wọ́n sì ti jọ ṣìnà. Lójú wọn, bàálù gbọ́dọ̀ fara sin pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò fara sin rárá. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí ọgbọ́n ìfarapamọ́ ń ṣe ni pé ó ń mú kí rédà pẹ́ kó tó rí bàálù. Nínú pípẹ́ yẹn ni ikú àti ìyè wà.

Ìṣirò kì í ṣègbè

Rédà ń ju ìgbì síta. Bí ìgbì náà bá kan bàálù, díẹ̀ nínú rẹ̀ á padà wá bá rédà. Bó ṣe ń lọ ló ń rẹ̀ ẹ́, bó sì ṣe ń bọ̀ náà ló ń rẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, kí ibi tí rédà ti lè rí bàálù tó lè dín sí ìdajì, ìgbì tí bàálù ń dá padà gbọ́dọ̀ dín kù sí ìdá kan nínú 16. Kó tó lè dín sí ìdá kan nínú 10, ìdá kan nínú 10,000 péré ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù.

Ẹ mú Irbis-E, rédà tó wà nímú Su-35 ti Rọ́ṣíà. Àwọn tó ṣe é ní ó lè rí bàálù ogun tí kò fara pamọ́ láti nǹkan bíi kìlómítà 400, bó bá tẹjú mọ́ apá kékeré kan lójú ọ̀run. Ẹ wá gbé bàálù tí ìgbì tó ń dá padà jẹ́ ìdá kan nínú 10,000 ti àkọ́kọ́ síwájú rẹ̀. Ní kìlómítà 40 ni rédà yẹn á tó rí i. Ẹ kíyè sí i pé ó rí i; kò sí òdo nínú ìṣirò yìí. Ṣùgbọ́n mísáìlì AIM-120D tí F-22 ń gbé ń lọ kọjá kìlómítà 100. Kí awakọ̀ Su-35 tó rí ohunkóhun, ẹni tó ń dọdẹ rẹ̀ ti lè ta mísáìlì tán, kó sì ti yíjú padà.

Kò sí idán níbẹ̀. Pyotr Ufimtsev, onímọ̀ físíìsì ará Sófíẹ́ẹ̀tì, ló tẹ ìwé jáde lọ́dún 1962 lórí bí ìgbì ṣe ń fọ́n ká létí nǹkan. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfúrufú Amẹ́ríkà túmọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1971. Denys Overholser ní iléeṣẹ́ Lockheed kà á, ó sì rí i pé a lè fi ṣe ìṣirò ìrísí bàálù tí yóò máa darí ìgbì síbòmíràn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé orí F-117, bàálù afarapamọ́ ti Amẹ́ríkà. Ẹ fọkàn sí i pé dídarí ni wọ́n ń darí ìgbì síbòmíràn. Ẹni tó bá dúró síbi tí ìgbì náà darí sí lè rí i.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Serbia?

Lálẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹta, ọdún 1999, ikọ̀ tí Zoltán Dani ń darí ta mísáìlì S-125 lu F-117 kan nítòsí abúlé Buđanovci. Ohun ìjà tó ti wà láti nǹkan bí ogójì ọdún ni. Ìtàn yìí ni àwọn alátìlẹyìn Rọ́ṣíà ń gbé kiri. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Rédà P-18 tí Dani fi ń wá bàálù ń lo ìgbì tó gùn tó nǹkan bíi mítà méjì. Ìrísí bàálù máa ń tan ìgbì kúkúrú, èyí tí kò ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí gígùn ìgbì bá ti ń sún mọ́ ìwọ̀n ìrù bàálù, ẹ̀tàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Síbẹ̀, ìgbì gígùn kì í ríran gaara. Ó lè sọ pé nǹkan kan ń bọ̀ lápá ibí yìí, àmọ́ kò lè tọ́ mísáìlì sọ́nà. Rédà mìíràn, tó ń lo ìgbì kúkúrú, ló gbọ́dọ̀ ṣe ìyẹn, F-117 sì ti sún mọ́ ọn tó nǹkan bíi kìlómítà 13 kí ó tó rí i mú.

Dani kì í jẹ́ kí rédà rẹ̀ tàn ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá lọ, ó sì ń ṣí ikọ̀ rẹ̀ nípò lemọ́lemọ́. Ọ̀nà kan náà ni àwọn F-117 ti ń gbà láti àwọn òru tó ṣáájú. Àwọn bàálù tó máa ń dí rédà ọ̀tá lójú kò bá wọn jáde lóru ọjọ́ yẹn. Ọgbọ́n ọmọ ogun ló borí níbẹ̀, pẹ̀lú àìbìkítà ọ̀tá. Láti ìgbà tí F-117 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 2008, ọ̀kan ṣoṣo yẹn ni ọ̀tá já lulẹ̀. Irọ́ lásán kì í ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, “Rédà wa ti rí F-35 rí.” Bóyá lóòótọ́ ló rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí ogun, wọ́n sábà máa ń so nǹkan kékeré kan mọ́ ara F-22 àti F-35 tó ń dá ìgbì padà gan-an, kí àwọn olùdarí ọkọ̀ òfúrufú lè máa rí wọn, kí ọ̀tá má sì mọ ìwọ̀n wọn gan-an. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nǹkan kékeré yẹn ni ẹni náà rí.

Owó ìfarapamọ́

Ìfarapamọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Mísáìlì tó bá rọ̀ síta ń dá ìgbì padà, nítorí náà inú ikùn bàálù ni wọ́n ń kó o sí. Mẹ́rin péré ni F-35 sábà máa ń gbé síkùn fún ìjà òfúrufú, nígbà tí Su-35 ní ibi ìsokọ́ 12. Ooru ẹ́ńjìnnì kò ṣeé fi pamọ́ tán, Su-35 àti Su-57, bàálù afarapamọ́ ti Rọ́ṣíà, sì ní ojú tó ń wo ooru níwájú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kùrukùru máa ń dí irú ojú bẹ́ẹ̀.

Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ fi hàn pé ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ. MiG-31 tó kọ́kọ́ fò lọ́dún 1975 kò fara pamọ́ rárá. Síbẹ̀, nínú ogun Ukraine, ó ń gòkè réré, ó ń fi rédà ńlá rẹ̀ wo ọ̀nà jíjìn, ó sì ń ta mísáìlì R-37M láti ẹ̀yìn ààlà tirẹ̀ sí bàálù Ukraine tí rédà wọn ti gbó. Òfin kan náà ni: ẹni tó kọ́kọ́ rí ni ẹni tó kọ́kọ́ ta. Àmọ́ ẹ má gba ìwọ̀n kìlómítà inú ìwé ìpolówó gbọ́. Bàálù tó bá yíjú padà tó ń sá lọ lè sọ ọ̀pọ̀ nínú kìlómítà wọ̀nyẹn di òfo.

Su-57 wọ iṣẹ́ ológun ní ìparí ọdún 2020, ọdún 15 lẹ́yìn F-22, wọn kò sì tíì pọ̀. Ní ti F-35, wọ́n ti ṣe ju 1,000 lọ. Iye yẹn ṣe pàtàkì, torí pé àwọn F-35 ń fi ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí ara wọn. Èyí tó wà níwájú lè pa rédà rẹ̀, kó máa fi ojú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ríran. Rédà tó tàn ń tú àṣírí ẹni tó tàn án.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ pé rédà kò lè rí bàálù kan, ẹ bi í: rédà wo, láti apá ibo, ní kìlómítà mélòó? Bí ẹlòmíràn bá ní irọ́ ni ìfarapamọ́, ẹ bi í ní ìbéèrè kan náà. Ẹni tí kò bá lè dáhùn kò tíì mọ ohun tó ń bá wa jiyàn lé lórí.