Ẹ Má Sọ Òbí Alátọ̀gbẹ Di Ọmọ Ọwọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kan àwọn òbí wa tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra. Àìsàn yìí kì í ṣe èyí tí a ń lo oògùn sí fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó sì lọ. Ẹni tí ó bá mú ni yóò máa bá a gbé. Nítorí náà, inú ilé ni ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀ sí jù: nínú ìyẹ̀wù, ní ìdí àdògán, lẹ́bàá omi àlùwàlá.

Ohun tí ó ń dùn wá ni àṣà kan tí ó ti wọ ọ̀pọ̀ ilé. Bí dókítà bá ti dárúkọ àìsàn náà tán, àwọn ọmọ a gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ìyá, wọn a ní kí bàbá má rìn dé mọ́sálásí mọ́. Wọ́n rò pé àánú ni. Bẹ́ẹ̀ rírìn gan-an wà nínú ìtọ́jú, nítorí iṣan tí ó bá ń ṣiṣẹ́ a máa lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Àgbàlagbà tí a bá sì gba ìpinnu lọ́wọ́ rẹ̀, kì í pẹ́ tí yóò fi máa fi ohun tí ń ṣe é pamọ́ fún wa.

Ẹsẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ mójú tó. Àtọ̀gbẹ lè sọ ẹsẹ̀ di aláìmọ̀rora, débi pé ènìyàn yóò tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Egbò kékeré tí kò dun ẹni tí ó ni í ni ó ti sọ ọ̀pọ̀ di ẹni tí a gé lẹ́sẹ̀. Omi gbígbóná àlùwàlá ní àárọ̀ ọyẹ́ léwu fún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀: yóò ti bó kí onítọ̀hún tó fura. Kí ó fi ìgúnpá tọ́ omi náà wò ná. Bí ó bá ṣe àlùwàlá tán, kí ó fi aṣọ gbígbẹ nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí kò bá lè tẹ̀ ba dáadáa mọ́, dígí ìwojú tí a gbé sílẹ̀ yóò jẹ́ kí ó máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ wò lálaalẹ́.

Àwọn tí ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ńkọ́? Oògùn yìí, tí wọ́n kọ́kọ́ gún fún aláìsàn ní Toronto ní 1922, kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ kí ó dì. Iná mànàmáná tiwa sì rèé, kí Ọlọ́hun bá wa dá sí i! Ìgò tí a ti ṣí lè wà níta fíríìjì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 bí ibẹ̀ bá tutù níwọ̀nba. Ìkòkò amọ̀ tí a gbé sínú iyanrìn tútù ní ibòji wúlò fún èyí, ṣùgbọ́n kí a fi ọ̀rá di oògùn náà kí omi má bàa kàn án.

Ẹni tí ń lo abẹ́rẹ́ yìí tí ó sì ń dá sùn gbọ́dọ̀ ní kóró ṣúgà 3 tàbí 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bí òógùn òjijì bá bò ó, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kí ó jẹ ẹ́, kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti kó gbogbo ṣúgà ilé pamọ́ nítorí ìfẹ́ lè fi ìfẹ́ náà pa á lóru ọjọ́ náà.

Ní ti ààwẹ̀ Rámàdáánì, Àlùkùránì Alápọ̀nlé ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Kí a má fi ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wo bàbá tí dókítà ní kí ó má gbà á. Bí àìsàn kò bá sì ní jẹ́ kí ó lè san án padà, tí bíbọ́ tálákà kàn án, kí a bi òun fúnra rẹ̀ léèrè ta ni ó fẹ́ bọ́. Bí ó bá sì ní òun yóò fi ọwọ́ ara òun gbé oúnjẹ náà lọ, ẹ bá a wá bàtà tí ó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ó máa lọ.