Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù Ìlobù àti Ìfọ́n, níbo ni fáìlì yín ń sùn?

Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ tó wà láàrin Ìlobù àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun kì í ṣe tuntun, tọmọdé tàgbà àdúgbò náà ló mọ̀ ọ́n. Ìlobù ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n ni ti Orolú, ṣùgbọ́n àlejò tó bá gba ojú títì kọjá lè má mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wàhálà náà tún bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2025, wọ́n dáná sunlé, ṣọ́ọ̀bù jóná, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ìjọba Gómìnà Adémọ́lá Adélékè kéde kónílé-ó-gbélé fún Ìlobù, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ta ló jẹ̀bi, ta ló jàre, ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀ tòní. Tòní ni ẹrù kan tí kì í sábà sí lẹ́nu ẹni tó bá ń ka ohun tó jóná: fáìlì inú kọ̀ǹpútà.

Ẹ wò ó ná. Ẹni tó ń sá fún iná á gbé ọmọ, á mú owó, bóyá á rántí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Ta ló fẹ́ dúró máa tú wáyà kọ̀ǹpútà? Bẹ́ẹ̀ inú kọ̀ǹpútà yẹn ni oníṣẹ́ fọ́tò kó àwòrán ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe ọdún mẹ́wàá sí. Ibẹ̀ ni sọ̀fíyọ̀ kó àwọn pẹlẹ́ẹ̀nì ilẹ̀ tó ti yà sí, ibẹ̀ náà ni akọ̀wé iléèwé aládàáni kó èsì ìdánwò àwọn ọmọ sí. Ẹ̀rọ á ṣeé rà padà. Àmọ́ àwòrán ìyá tó ti kú ńkọ́? Pẹlẹ́ẹ̀nì ilẹ̀ ńkọ́, pàápàá níbi tó jẹ́ pé ilẹ̀ gan-an ni wọ́n ń bára wọn fà?

Ohun tó wà lóde fún irú iṣẹ́ báyìí ni àpótí tí wọ́n ń pè ní NAS. Kékeré ni, èyí tó gba hard disk méjì kò tóbi ju búrẹ́dì ńlá kan lọ. Wọ́n á fi wáyà so ó mọ́ router, gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù á sì máa rí fáìlì kan náà níbẹ̀. Kì í jẹ dátà, nítorí inú ilé ló ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ ò bá tíì gbàgbé, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló kó fáìlì rẹ̀ sí ń wò rárá lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ní àpótí tiẹ̀ ń báṣẹ́ lọ.

Synology àti QNAP ni orúkọ méjì tẹ́ ẹ máa gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ń tà á. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ò nílò ju èyí tó gba hard disk méjì lọ. Ẹni tó ń ká fídíò òde kiri ló lè ronú olójú mẹ́rin. Ẹ sì ṣọ́ra fún ìṣirò ọlọ́jà o. Tí hard disk méjì bá jẹ́ 4 terabyte ẹnì kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ sì tò ó kí ọ̀kan máa da ohun tó wà nínú èkejì kọ, 4 lẹ máa rí lò, kì í ṣe 8.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á ní, ṣebí méjì ni, tí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì wà. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ pé hard disk kan ló kú. Ṣùgbọ́n ìbejì ni wọ́n, inú àpótí kan náà ni wọ́n ń gbé. Tí olè bá gbé e, méjèèjì ló gbé. Tíná bá jó o, méjèèjì ló jó. Tí ọmọṣẹ́ bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́ lára ọ̀kan, ó ti kúrò lára èkejì kó tó mí kanlẹ̀.

Ẹ má rò pé àwọn ará abúlé nìkan nirú ẹ̀ ń bá. South Korea tó ń ṣe fóònù fún gbogbo ayé, iná sọ ní ibùdó kọ̀ǹpútà ìjọba wọn ní Daejeon lọ́jọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2025. Fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà níbẹ̀, 858 terabyte, ló bá a lọ. Wọn ò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíì. Wọ́n ní ó ti pọ̀ jù!

Nítorí náà, kí oníṣọ́ọ̀bù tó béèrè pé èwo ló dáa nínú Synology àti QNAP, ìbéèrè tó yẹ kó bi ara rẹ̀ ni pé níbo ni ẹ̀dà kejì máa sùn. Kó má ṣe jẹ́ ilé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Kó má sì jẹ́ ìlú kejì tí wọ́n jọ wà nínú wàhálà kan náà. Òṣogbo ò jìnnà. Owó tí wọn ì bá fi ra olójú mẹ́rin, kí wọ́n fi ra olójú méjì, kí wọ́n fi ìyókù ra hard disk alágbèéká méjì. Àpótí náà á máa da fáìlì kọ sórí ọ̀kan nílé, èkejì á wà lọ́dọ̀ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ní Òṣogbo. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ìwọlé tì í pa, torí òfin tó dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, àwòrán oníbàárà kì í ṣe ohun tá a ń fi sílẹ̀ gbayawu.

Tó bá kan hard disk fúnra rẹ̀, tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Tòkunbọ̀ lè ti sáré fún ọdún márùn-ún kó tó dé Ikeja. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Western Digital gbà pé àwọn kan nínú hard disk Red tí wọ́n ń tà fún NAS máa ń kọ nǹkan lé ara wọn bíi páànù òrùlé, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n fà nígbà tí wọ́n bá ń tún gbogbo fáìlì dà kọ. Red Plus tàbí IronWolf ni kẹ́ ẹ béèrè. Synology náà gbé ọ̀rọ̀ kan dé ní 2025, ó ní àwọn àpótí Plus tuntun ò ní gba hard disk tí òun ò fọwọ́ sí. Àwọn oníbàárà pariwo, ó sì yí i padà lóṣù kẹwàá ọdún yẹn.

Ti NEPA ńkọ́ (wọ́n ti yí orúkọ ẹ̀ títí, NEPA náà la ń pè é)? Kí wọ́n fi UPS sí i, irú èyí tó ní wáyà USB tí àpótí náà fi máa mọ̀ pé iná ti lọ, kó lè rọra pa ara rẹ̀. Ẹni tówó ò ká lè lo kọ̀ǹpútà àtijọ́, kó fi OpenMediaVault sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Kò burú, àmọ́ á máa jẹ iná inverter ju àpótí kékeré lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí i sílẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì tìtorí pé ó fẹ́ máa wò ó láti Èkó. Lóṣù kìíní 2022, àwọn ọlọ́ṣà orí ẹ̀rọ tó ń jẹ́ DeadBolt wọ inú àpótí QNAP káàkiri ayé, wọ́n ti fáìlì pa, wọ́n ní kí olóhun san 0.03 Bitcoin kó tó rí i ṣí.

Ta wá ni yóò máa gbé hard disk yẹn lọ? Ẹni tó ń lọ ra bébà àti ìǹkì ní Òṣogbo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ náà ni. Kó gbé ti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, kó gbé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá bọ̀, kó sì ṣí fáìlì bíi mélòó kan nínú rẹ̀ wò, kó rí i pé wọ́n ń ṣí.