Ọ̀rọ̀ Ìlú Lórí Tábìlì Eré

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa tí a máa ń ṣeré pọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé ní Abidjan yìí: "Eré ni a ń ṣe, ẹ má mú ọ̀rọ̀ òṣèlú wọ inú rẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kò tọ̀nà, òun gan-an ni ó sì ń dá ìjà sílẹ̀.

Eré tí mò ń wí kì í ṣe ayò, kì í sì í ṣe lúdò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé à ń ju dáìsì nínú rẹ̀. Ìtàn ni a jọ ń pa yí tábìlì ká. Ẹnì kan ni olùdarí, òun ni ó ń sọ bí ìlú inú ìtàn ti rí. Olúkúlùkù àwọn ìyókù a fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀dá kan: ọ̀kan jagunjagun, èkejì oníṣègùn, ẹ̀kẹta àlejò. Dáìsì ni yóò sọ bóyá ohun tí ẹni náà dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ni wọ́n ṣe èyí tí ó lókìkí jù lọ, Dungeons & Dragons, tí ó jáde ní ọdún 1974.

Nínú ẹgbẹ́ wa, olùdarí kan fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnubodè ìlú. Ẹ̀ṣọ́ yìí ń béèrè ìwé ìdánimọ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá jọ ti onílẹ̀, a lé e padà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wa ká ìwé rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó ní òun kò ṣe mọ́. Ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Apá kan ní òun ni ó mú òṣèlú wọlé. Apá kejì ní ẹ̀ṣọ́ náà ni ó ti mú un wọlé ṣáájú.

Apá kejì ni mo wà. Ẹ rántí ìlú tí a ń gbé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, wọ́n dìde sí àwọn ará Tógò àti Dahomey, ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 1975, ní Abidjan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì sá padà sí ilé. Láàárín àwọn ọdún 1990, ọ̀rọ̀ "ivoirité", èyíinì ni ta ni ojúlówó ọmọ onílẹ̀, gbilẹ̀ nínú òṣèlú. Ogun abẹ́lé bẹ́ ní ọdún 2002. Nínú rògbòdìyàn tí ó tẹ̀lé ìbò ọdún 2010, nǹkan bí 3,000 ènìyàn ni ó kú. Ní àkókò wọ̀nyí, orúkọ ènìyàn lásán lè kó o sí ewu níbi tí wọ́n bá ti dènà fún mọ́tò. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Ẹlòmíràn yóò wí pé bí a bá ń yẹra fún gbogbo ohun tí ń dun ènìyàn, a kò ní rí ìtàn pa mọ́, nítorí ìtàn tí kò ní ọ̀tá kì í dùn. Òótọ́ ni. N kò ní kí a lé ọ̀tá kúrò, n kò sì ní kí a lé ẹ̀ṣọ́ kúrò. Ní ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast, tí ó ni Dungeons & Dragons, jẹ́wọ́ pé bí wọ́n ti ń ṣàpèjúwe àwọn ẹ̀yà inú eré kan, bí orc àti drow, bí ẹni pé ibi ni a bí mọ́ wọn, jọ bí a ti ń kẹ́gàn àwọn ẹ̀yà ènìyàn gidi. Wọ́n ní àwọn yóò tún un ṣe. Àwọn òṣèré kan yìn wọ́n, àwọn mìíràn bínú. Síbẹ̀ eré náà kò kú, ìwé òfin rẹ̀ tuntun sì jáde ní ọdún 2024.

Àbá mi nìyí. Kí dáìsì tó bọ́ sílẹ̀, kí olùdarí sọ irú ìtàn tí ó fẹ́ pa. Kí olúkúlùkù sọ ohun tí kò fẹ́ kí a fi ṣeré. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn jù lè dá eré dúró láìjẹ́ pé a bi í léèrè ìdí. Kí ó má sì jẹ́ ará ilẹ̀ kan náà ni a ó máa fi ṣe ẹni ẹ̀gàn nígbà gbogbo.

Olùkọ́ ni gbogbo wa yóò dà. Àwọn ọmọ kíláàsì wa yóò ṣeré ọba àti ìjòyè, ọlọ́pàá àti olè. Bí a bá ń jẹ́ kí ọmọ àlejò máa ṣe olè lójoojúmọ́, ẹ̀kọ́ wo ni a ń kọ́ àwọn ìyókù? Àwọn àgbà ní, bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù.