Ọmọ ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà: ẹ̀kọ́ àfikún wo ni kó mú mọ́ ọn, báwo ni yóò sì ṣe parí rẹ̀?

Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò BAC bá ti jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gba ẹnu àwọn òbí ní Tchaourou, ní Tchatchou, ní Kika, títí dé Bétérou: ibo ni ọmọ ń lọ, kí ni yóò sì lọ kọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ṣe BAC C, D, E tàbí F ló máa ń sọ pé ẹnjiníà lòun fẹ́ ṣe. Bàbá á ta iṣu, ìyá á ta gàrí àti òrí, wọ́n á wá owó ìforúkọsílẹ̀ àti owó ilé. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí kì í sábà bi ọmọ: yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹnjiníà yìí, kí lo tún fẹ́ kọ́ mọ́ ọn? Ìbéèrè yẹn la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, torí pé owó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ ọ̀la ọmọ sì wà nínú rẹ̀.

Ní àwọn yunifásítì kan, akẹ́kọ̀ọ́ lè mú ẹ̀kọ́ kan gẹ́gẹ́ bí olórí, kó sì mú òmíràn tó kéré sí i mọ́ ọn. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń pe ti kékeré yìí ní minor, àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní mineure. Àwa yóò máa pè é ní ẹ̀kọ́ àfikún. Ẹ fi wé oko yín. Iṣu lẹ kọ ebè fún, ṣùgbọ́n ẹ gbin àgbàdo díẹ̀ sáàárín rẹ̀. Oko iṣu ṣì ni oko náà ń jẹ́. Àmọ́ lọ́dún tí iṣu bá wọ́n lóko tàbí tó di ọ̀pọ̀ lọ́jà, àgbàdo yẹn ni ẹ ó fi gbé ọjọ́. Bí àgbàdo bá sì pọ̀ jù nínú ebè, iṣu kò ní ta. Ohun méjèèjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àfikún, èrè rẹ̀ àti ewu rẹ̀.

Ohun tí òfin kajú yí padà

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni òfin ti de àwọn tó ń kó kajú tí wọn ò tíì là jáde kúrò ní Bẹ̀nẹ̀. Ìjọba ní kí wọ́n máa là á nílé, pàápàá ní àwọn ilé iṣẹ́ Glo-Djigbé ní ìhà gúúsù. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi. Kọ̀mínì Tchaourou ló fẹ̀ jù lọ ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀, kajú sì wà lára ohun tí ilẹ̀ wa ń mú jáde.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ooru omi gbígbóná sè é, wọ́n á là á, wọ́n á yọ ọmọ inú rẹ̀, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara rẹ̀, wọ́n á wá ṣà á ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Epo tó wà nínú èèpo rẹ̀ a máa jó ọwọ́. Ọmọ kajú tó bá fọ́ kì í tó owó odindi. Ẹ̀yin tó ń ra kajú mọ ohun tí wọ́n ń pè ní KOR: iye ọmọ inú tó dára tí yóò jáde nínú àpò 80 kílò. Òun ni wọ́n fi ń dá owó lé àpò.

Ẹnjiníà tó mọ irin àti mọ́tò ẹ̀rọ nìkan lè ṣe ẹ̀rọ tó ń la kajú kíákíá. Inú rẹ̀ á dùn pé ẹ̀rọ òun yára. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà bá ń fọ́ ọmọ inú, ìyára rẹ̀ ti di àdánù fún ẹni tó ni ilé iṣẹ́. Ẹnjiníà tó ti kọ́ díẹ̀ nípa ohun ọ̀gbìn àti oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá kajú náà gbẹ dáadáa kó tó wọ ẹ̀rọ. Èyí tó ti kọ́ ìṣirò owó ló máa lè sọ fún ọ̀gá pé kí ẹ̀rọ rọra díẹ̀, nítorí odindi ló ń mówó wá. Ìyẹn ni ìtumọ̀ ẹ̀kọ́ àfikún. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ara díplómà. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wúlò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ sanwó fún un ni.

Bó ṣe rí níbì kọ̀ọ̀kan

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló ń ṣe é bákan náà, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń ṣìnà.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ àfikún sábà máa ń jẹ́ kọ́ọ̀sì 5 tàbí 6, ìyẹn bíi kírẹ́dítì 15 sí 18, nínú bíi 120 sí 130 tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe kó tó gba oyè. Orúkọ rẹ̀ máa ń wà nínú ìwé máàkì. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó lè wọ inú orúkọ oyè fúnra rẹ̀: tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ẹnjiníà iná mànàmáná pẹ̀lú ìṣàkóso iṣẹ́, ohun tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ “pẹ̀lú” yẹn ni ti kékeré.

Ní Nàìjíríà, níbi tí àwọn ọmọ wa kan ń lọ torí pé Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà púpọ̀ sí wa, ọdún 5 ni iṣẹ́ ẹnjiníà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ní ẹ̀kọ́ àfikún lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún 2022, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì wọn, NUC, gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun jáde. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ ni àjọ náà là sílẹ̀ fún gbogbo wọn, ìdá 30 tó kù ni yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń fi ohun tó bá agbègbè rẹ̀ mu dí. Inú ìdá 30 yìí ni kí ẹ ti wá ìyàtọ̀ láàárín ilé ẹ̀kọ́ kan àti èkejì. Ẹ tún rántí SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1973.

Ní ilé wa níbí, ètò LMD la ń lò. Licence jẹ́ sáà 6 àti kírẹ́dítì 180, Master jẹ́ sáà 4 àti kírẹ́dítì 120. Ọmọ tó fẹ́ iṣẹ́ ẹnjiníà sábà máa ń lọ sí gúúsù, sí EPAC ní Abomey-Calavi tàbí UNSTIM ní Abomey. Yunifásítì Parakou tó sún mọ́ wa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2001, ti ọ̀gbìn àti ọrọ̀ ajé ló wà níbẹ̀ ní tirẹ̀. Nínú LMD, UE ni wọ́n ń pe ìdì ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan jẹ́ dandan, àwọn kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yàn. Ẹ má retí pé kí ẹ rí ẹ̀kọ́ àfikún lórí díplómà. Ibi mẹ́ta ni yóò ti hàn: nínú ìwé máàkì, níbi tí ọmọ ti lọ ṣe sítáàjì, àti nínú mémoire tó kọ kó tó jáde. Ọmọ tó yan UE nípa ìṣirò owó, tó ṣe sítáàjì níbi tí wọ́n ti ń la kajú, tó sì kọ mémoire rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń gbẹ kajú, ó ti ní ẹ̀kọ́ àfikún, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń yàn án

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ọmọ mú èyí tó rọrùn, kó lè fi gba máàkì. Àṣìṣe kejì ni kó mú èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. Ẹ jẹ́ kó wo ibi tí iṣẹ́ wà. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, kó wo ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ohun ọ̀gbìn. Ẹni tó ń kọ́ iná mànàmáná, tó ń rò ó pé òun yóò máa ta páńẹ́lì oòrùn fún àwọn abúlé, kó kọ́ ìṣirò owó, nítorí gbèsè tí kò lè ṣírò lè pa òwò rẹ̀ kó tó pé ọdún kan. Ẹni tó ń kọ́ ilé àti afárá, kó wo ọ̀rọ̀ omi tàbí òfin ilẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà, tó sì mọ Faransé nìkan, kó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ọjà Nàìjíríà wà ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí, púpọ̀ nínú ìwé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló sì wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun kejì tó yẹ kó wò ni ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ẹnjiníà ń ṣe ìṣirò púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Níbi tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gbà á, kọ́ọ̀sì kan lè kà fún ti olórí kó sì tún kà fún ti àfikún. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó mú ìṣirò gẹ́gẹ́ bí àfikún lè rí i pé kọ́ọ̀sì bíi mélòó kan péré ló kù. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní iye tó gbà kí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì. Kí ọmọ béèrè kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń já a jù sílẹ̀

Yíyàn kò nira tó píparí. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò sọ ọ́. Ká ní ọdún 5 ni ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, kọ́ọ̀sì 6 sì ni àfikún. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kejì, tó ń mú ọ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, yóò parí rẹ̀ ní òpin ọdún kẹrin. Ọdún karùn-ún á wá ṣófo fún iṣẹ́ àkànṣe àti sítáàjì. Bó bá dúró di ọdún kẹrin kó tó rántí, tó sì fẹ́ parí rẹ̀ lọ́dún yẹn, mẹ́ta ni yóò kó lé ẹrù ẹ̀kọ́ tó wà lórí rẹ̀ ní sáà kan. Ibẹ̀ ni ti olórí ti ń bàjẹ́.

Àwọn ẹ̀kọ́ kan wà tí èkejì kò lè ṣáájú ti àkọ́kọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún: ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀ yóò dúró di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà mìíràn, wákàtí rẹ̀ á bọ́ sí wákàtí ẹ̀kọ́ dandan. Gbogbo èyí ni ọmọ gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ lórí bébà kan, sáà dé sáà, kó mú un lọ bá ẹni tó ń darí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ohun kan tún wà tó ń bí àwọn ọmọ nínú ní òpin: níbi tí wọ́n ti ń fún ni ní orúkọ àfikún, kíkọ́ ẹ̀kọ́ náà nìkan kò tó. Ó ní ìwé tí wọ́n ń fi kéde rẹ̀. Ẹni tí kò bá fi orúkọ sílẹ̀ lásìkò, yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, orúkọ rẹ̀ kò sì ní jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ṣe kọ́ọ̀sì 4 nínú 6. Ìmọ̀ rẹ̀ kò ṣòfò, ṣùgbọ́n kò lè pe ara rẹ̀ ní ẹni tó parí.

Àwọn àgbà á ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. A kò jiyàn. Bí ọmọ bá ń fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, kó fi àfikún sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó má tijú. Àfikún kò ṣeé fi gba iṣẹ́ tí olórí kò bá sí. Tí yóò bá sì fi ọdún kan kún ẹ̀kọ́, ẹ ṣírò owó ilé, owó oúnjẹ àti owó oṣù tí ọmọ ìbá ti máa gbà lọ́dún yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí kò yẹ ká gbàgbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà dá títẹ́wọ́ gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì láti Bẹ̀nẹ̀ àti Togo dúró, lẹ́yìn tí oníròyìn kan tú u fó pé òun gba oyè ní Bẹ̀nẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Àwọn ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún kàwé gidi náà wọ inú ìfura yẹn. Lójú tiwa, ohun tí ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fi dá ara rẹ̀ sílẹ̀ ni ìwé máàkì tó kún, sítáàjì tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ lè jẹ́rìí sí, àti mémoire tó lè ṣàlàyé fúnra rẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ 6 kò lè ra ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ kò bá tilẹ̀ mọ̀wé, ẹ lè bi ọmọ yín ní ìbéèrè mẹ́rin kí ẹ tó sanwó. Kí lo fẹ́ kọ́ mọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ta sì ni yóò san owó fún ìmọ̀ yẹn? Kọ́ọ̀sì mélòó ni, mélòó ló ti wà nínú èyí tó o ń ṣe? Sáà wo ni wàá parí rẹ̀? Ta ni o bá sọ̀rọ̀ nílé ẹ̀kọ́ tó ní ó ṣeé ṣe? Ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kó mú ìwé máàkì wá, kó fi ìka tọ́ka sí ìlà tó jẹ́ ti àfikún. Bí kò bá rí ìlà kankan tọ́ka sí fún sáà méjì, ọ̀rọ̀ ti di ti ìdílé. Ẹ pè é jókòó kí owó iṣu ọdún tó ń bọ̀ tó bá a lọ.