Afárá Tí Ń Mì ní Croswell

Ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Croswell, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, afárá kan wà tí a fi okùn irin so rọ̀ lókè odò tí wọ́n ń pè ní Black River. Kì í ṣe afárá ọkọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni ó wà fún. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 139. Ní ọdún 1905 ni a ṣe é, kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ṣúgà lè máa rí ọ̀nà kọjá lọ sí ẹnu iṣẹ́ wọn.

Àkọlé kan wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí ó ní kí ènìyàn máa ṣe dáadáa sí ìyá àna rẹ̀. Èyí tí ó wà ní òdìkejì ní kí wọn fẹ́ràn ara wọn. Àlejò a máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí ó mọ iye ìgbà tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún àna kò ní kà á sí àwàdà lásán.

Àwọn kan a máa bèèrè pé kí ni ìwúlò irú afárá bẹ́ẹ̀ nígbà tí mọ́tò ti dé. Ọ̀rọ̀ wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Afárá tí a fi orúkọ ọba tàbí gómìnà pè kò wọ́n láyé; èyí tí a ṣe nítorí ẹsẹ̀ mẹ̀kúnnù ni ó ṣọ̀wọ́n.

Ohun tí ó burú ni àṣà àwọn ọ̀dọ́ tí ń fò sókè lórí irú afárá bẹ́ẹ̀ kí ó lè máa mì jìgìjìgì. Ohunkóhun tí a bá so rọ̀ ni ó ní ìwọ̀n mímì tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí jangirọ́fà. Bí a bá ń tì í ní àkókò tí ó bá ìwọ̀n náà mu, agbára díẹ̀ yóò gbé e dé òkè réré. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Broughton, lẹ́bàá Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nìyẹn, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1831. Àwọn ọmọ-ogun 74 ń yan bọ̀ lórí afárá tí a so rọ̀. Wọ́n rí i pé ó ń mì bá ẹsẹ̀ wọn, inú wọn dùn, wọ́n sì ń súfèé bá a. Lójijì, irin kan já, nǹkan bí 40 nínú wọn sì ré sínú odò. Kò sí ẹni tí ó kú, ṣùgbọ́n àwọn kan fara pa gidigidi. Irin náà kò dára tó tẹ́lẹ̀, ó dájú. Mímì ni ó fi àbùkù rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn èyí ni a pàṣẹ fún àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọn má ṣe yan bá ara wọn mu lórí afárá mọ́.

Ẹni tí ó bá mú ọmọ lọ wo afárá Croswell, kí ó jẹ́ kí ó rìn jẹ́jẹ́ dé àárín, kí ó di okùn mú, kí ó sì dúró títí mímì náà yóò fi rọlẹ̀, kí ó tó wo omi tí ń kọjá lábẹ́ rẹ̀.